Kẹ̀kẹ́ létí odò Danube: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, èmi àti ọkọ mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Passau ní Jámánì, níbi tí odò mẹ́ta ti pàdé, ká máa tẹ̀ lé Danube títí dé Vienna ní Austria, ó tó bíi kìlómítà 320, oṣù kẹsàn-án la fẹ́ lọ.

Orúnkún ń dun ọkọ mi, mo ní ká háyà kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún un, ó ní rárá, pé ọ̀nà etí odò tẹ́jú, lóòótọ́ ó tẹ́jú o, àmọ́ ọjọ́ mẹ́fà léraléra kì í ṣe kékeré, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gùn ún rí, ṣé ọjọ́ mẹ́fà tó àbí ká ṣe é ní mẹ́jọ?

Ibi tó wù mí jù lójú ọ̀nà náà ni àfonífojì Wachau, láàárín ìlú Melk àti Krems, oko àjàrà lọ́tùn-ún lósì, àti ìlú kékeré Dürnstein níbi tí wọ́n ti ti Ọba Richard ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́lé lọ́dún 1192, mo fẹ́ ká sùn níbẹ̀ ọjọ́ méjì. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wà ní bèbè méjèèjì, èwo ló dáa jù? Ṣé ká ti gba yàrá sílẹ̀ ni?