Vegan tó fẹ́ gun Kilimanjaro: kí ni kó dì lẹ́rù, kí ni kó bá alásè sọ?

Ọmọ Ìbàdàn Kíní:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo fẹ́ gun Kilimanjaro ní Tanzania, ọ̀nà Machame, ọjọ́ méje. Vegan ni mí: n kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà tàbí oyin. Àwọn tó máa mú wa gòkè ní kí n má ṣèyọnu, pé àwọn ní oúnjẹ ẹni tí kì í jẹran. Ìdáhùn yẹn kò tó mi. Kí ni kí n bi wọ́n gan-an? Kí ni kí n gbé láti ilé? Kí ló sì máa ń dàrú lókè?

Ìyá Alásè:
Ẹ kò ní dáná fúnra yín. Láti 1991 ni wọn kò ti gbà kẹ́nikẹ́ni gun òkè náà láìsí afinimọ̀nà, alásè àtàwọn alábàárù sì máa ń bá a rìn. Nítorí náà, alásè lẹ gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń fèsì nínú ọ́fíìsì.

Ẹ̀fọ́ kò wọ́n wọn. Mchicha tiwọn ni tẹ̀tẹ̀ tiwa, maharage ni ẹ̀wà, ugali (ọkà àgbàdo), ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà. Ohun tí ojú kì í tètè rí ló ń fa wàhálà: kúùbù adìyẹ nínú ọbẹ̀, wàrà oníyẹ̀fun nínú ògì àárọ̀, ẹyin nínú páńkéèkì, bọ́tà nínú chapati (búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yan). Lójú ọ̀pọ̀ alásè, ẹni tí kì í jẹran ṣì ń jẹ ẹyin. Ẹ tẹ gbólóhùn yìí sórí ìwé, kẹ́ ẹ fi lé alásè lọ́wọ́ ní Moshi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, kẹ́ ẹ tó gbéra: *Sili nyama, samaki, mayai, maziwa, siagi wala asali.* Siagi ni bọ́tà, asali ni oyin. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó kó èlò ọbẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ ka ara páálí kúùbù náà fúnra yín. Tó bá jẹ́ ti adìyẹ, Moshi lẹ ti máa pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ọjà lórí òkè.

Àgbà Òkè:
Gbogbo ohun tí ìyá wa sọ ló rí bẹ́ẹ̀, àfi ẹ̀wà ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí. Bí èèyàn bá ti fi nǹkan bíi mítà 300 gòkè, ooru tí omi fi ń hó ń fi bíi dígírì kan dín. Ní àgọ́ Barafu, tó ga ju mítà 4,600 lọ, bíi 85°C ni omi ti ń hó. Ẹ ó rí i tó ń hó yaya, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò ká ẹ̀wà. Gáàsì á tán, ẹ̀wà á ṣì le koko. Barafu kò sì lómi. Láti Karanga, àgọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ni àwọn alábàárù ti ń rù ú wá, ta ló fẹ́ dà á sórí ẹ̀wà? Lẹ́ńtìlì pupa (irú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan) tí wọ́n ti bó, tí wọ́n sì là sí méjì, ni kẹ́ ẹ ní kí alásè rà. Ó máa ń tètè jinná.

Èyí tí a kì í sábà sọ síta: bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe ń fúyẹ́ ni èyí tó wà nínú ikùn ń wú. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà àti kábéèjì ní mítà 4,000, kí Ọlọ́run kó ẹni tí wọ́n jọ wà nínú àgọ́ yọ. Láti Karanga lọ, ìrẹsì, ànàmọ́, màkàróní àti ẹ̀pà lílọ̀ ni kẹ́ ẹ fara mọ́.

Láti ilé, ẹ gbé ẹ̀pà àti kulikuli, bíi gíráàmù 100 lóòjọ́. Ìwọ̀n ẹ̀pà yẹn ní nǹkan bíi kálórì 570 àti purotéènì gíráàmù 25. Ẹ gún kulikuli wẹ́wẹ́, torí ní òru tẹ́ ẹ máa gun orí téńté, òtútù lè dé -15°C, eyín kò ní ká odidi. Àpò inú jákẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kó o sí. Ẹ fi déètì kún un, torí oúnjẹ kì í wuni jẹ lókè, ohun dídùn ló ń tètè wọlé. Gàrí dáa fún ọ̀sán, àmọ́ omi tí wọ́n ti sè ni kẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́. Omi odò lásán ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ má sì di í sínú ọ̀rá: láti June 1, 2019 ni Tanzania ti fòfin de báàgì ọ̀rá. Ike olómorí tàbí àpò aṣọ ló yẹ.

Oníbàtà:
Ẹ ti gbàgbé aṣọ. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló sábà máa ń wà nínú jákẹ́ẹ̀tì àti àpò ìsùn tí wọ́n ń yáni ní Moshi. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe ìyẹ́ wúwo, ó sì ń gbàyè, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, ó ṣì ń múni móoru ju ìyẹ́ tútù lọ. Ẹ wá bàtà tí kì í ṣe awọ, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

Oògùn ńkọ́? Doxycycline tí wọ́n ń lò láti dènà ibà sábà máa ń wà nínú kápúsù tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran ṣe. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ apoògùn. Bí kò bá sí, ẹ lo èyí tó wà, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìbàdàn Kíní:
Ẹ ṣé gan-an ni. Fítámì B12 ńkọ́, ṣé ọjọ́ méje lè mú kó tán lára?

Àgbà Òkè:
Rárá o, ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ pẹ́. Áyọ́ọ̀nù (iron inú oúnjẹ) ni kẹ́ ẹ bojú tó, torí ara nílò rẹ̀ láti pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i lókè. Ẹ lọ yẹ PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) àti ferritin (áyọ́ọ̀nù tí ara tọ́jú pamọ́) wò ní oṣù méjì ṣáájú, torí oògùn áyọ́ọ̀nù kì í ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, VGML, àmì oúnjẹ vegan, ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ síbi oúnjẹ, ó kéré tán kó ku wákàtí 24. Tó bá jẹ́ VLML ni wọ́n kọ, wàrà àti ẹyin wà nínú ìyẹn.