Ta ni kí n gbé ilé mi lé lọ́wọ́ n'Íbàdàn?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Manchester ni mo ń gbé, ilé fúláàtì mẹ́fà ni mo kọ́ sí Àkóbọ̀. Àbúrò bàbá mi ló ń gbowó ilé tẹ́lẹ̀, àmọ́ orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ni mo bá gbé e fún ejẹ́ńtì kan. Háà! Ó ní òun fi ₦180,000 tún pọ́ǹpù omi ṣe. Ìgbà tí mo fi fídíò pe ayálégbé kan, omi kànga ni wọ́n ṣì ń fà. Okùn ìfami gan-an ti já, wọ́n ta á ní kókó.

Ìdá mẹ́wàá owó ilé ló ń gbà, ìyẹn ò dùn mí. Rìsíìtì ni mo ń wá.

Ṣé kí n wá estate surveyor (akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń bá èèyàn bójú tó ilé) tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìyẹn àjọ tó ń fún wọn níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, ni, àbí kí n fi ayálégbé kan ṣe kiatékà? (Ẹbí kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́.) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun bíi tèmi, kí lẹ kọ sínú àdéhùn? Ẹnì kan ní kí n kọ ọ́ pé iṣẹ́ tó bá ti ju ₦50,000 lọ, àfi kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ṣé wọ́n máa ń tẹ̀ lé e?