Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé ìbò alájẹṣẹ́kù wa torí ẹ̀yáwó. Ṣé òfin fàyè gbà á?

Aránṣọ Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ Sátidé. Ó pé ọdún 11 tí mo ti ń dá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa. Oṣù kẹta ni mo yá ₦400,000 láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, oṣù 18 ni wọ́n ní kí n fi san án. Mi ò pa oṣù jẹ rí, àfi oṣù kẹfà tí ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Nígbà tó di oṣù keje, mo san ti oṣù méjèèjì pọ̀, mo sì san owó ìtanràn. Akápò fọwọ́ sí i, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Páásìbúùkù náà wà níwájú mi níbí, òǹtẹ̀ ọ̀hún ò tíì ṣá.

Lọ́jọ́ ìbò, akọ̀wé jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó fi bíírò pupa fa ìlà sórí orúkọ mi. Ó ní àwọn ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá pa oṣù jẹ lọ́dún yìí ò ní dìbò. Mo ṣí páásìbúùkù fún un, kò tilẹ̀ wò ó. Àwa 37 ni wọ́n lé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú fèrèsé la ti ń wo àwọn tó ń nawọ́ sókè. Ìbò 9 péré ni ààrẹ fi ju ẹni tó bá a du ipò lọ, tó fi wọlé padà. Màmá àgbà kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ṣáájú gbogbo wa bú sẹ́kún níbẹ̀. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí wọ́n ṣe yìí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ gba kóòtù lọ kíá, ìyá wa. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni. 37 ju 9 lọ.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀
Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe akọ̀wé alájẹṣẹ́kù rí. Òfin alájẹṣẹ́kù ìjọba àpapọ̀ ti 1993 sọ pé bí èdèàìyedè bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti ìgbìmọ̀ lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ Dáírẹ́kítọ̀ alájẹṣẹ́kù, ìyẹn ọ̀gá ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ni kí wọ́n gbé e lọ. Ó lè parí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè yan ẹni tó máa bá a dá sí i. Bí ẹ bá fo ibẹ̀ lọ kóòtù, ohun tí lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ gbá mú nìyẹn, owó yín á sì ti lọ.

Ìwé òfin ẹgbẹ́ yín ni kí ẹ wá rí. Kì í ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ ààrẹ o, èyí tó wà nínú fáìlì ìjọba. Bí ẹgbẹ́ bá tiẹ̀ tún òfin rẹ̀ ṣe, àtúnṣe náà ò múlẹ̀ títí Dáírẹ́kítọ̀ yóò fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ò lè jókòó sí pálọ̀ ẹnì kan kí wọ́n gbẹ́ òfin tuntun kalẹ̀. Ẹ wá ka iye ẹni tí wọ́n yọ láìtọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n yọ. Bó bá ju 9 lọ, ẹ ní ọ̀rọ̀ sọ.

Ọmọ Oníkòkó, Oǹdó
Bàbá mi ta kòkó fún ẹgbẹ́ nígbà ayé wọn. Ẹni tó gbé àpò 100 wá àti ẹni tó gbé àpò 2 wá, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ó dùn mí láti gbọ́ pé wọ́n lé àgbàlagbà síta lórí owó tí òun náà bá wọn dá.

Aránṣọ Ìbàdàn
Mo dúpẹ́ gan-an, pàápàá lọ́wọ́ Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì alájẹṣẹ́kù lánàá. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wá fáìlì wa tó wákàtí kan, eruku bò ó. Ojú ewé keje ló wà: ẹni tó bá jẹ owó oṣù mẹ́ta, tí kò sì tíì san án títí di ọjọ́ ìpàdé, kò ní dìbò. Oṣù mẹ́ta! Èmi ò jẹ ẹyọ kan lọ́jọ́ yẹn. Kò sí àtúnṣe kankan níbẹ̀.

Àwa 22 ti fọwọ́ sí lẹ́tà. Àwọn 11 ń bẹ̀rù pé wọn ò ní rí ẹ̀yáwó gbà mọ́. Àwọn 4 tó kù jẹ ju oṣù mẹ́ta lọ lóòótọ́, a ò lè kọ orúkọ wọn mọ́ tiwa. Màmá àgbà yẹn wà lára wọn. Mo lọ sílé wọn lálẹ́, mo sọ ọ́ fún wọn fúnra mi. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá ní kí n máa bá a lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ́fíìsì ní ká padà wá, kí kálukú mú páásìbúùkù rẹ̀ dání.