Éjẹ́ǹtì ní òun ti bá baba onílé sọ̀rọ̀, àmọ́ òrùlé ṣì ń jò

Ayálégbé Parakin:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Parakin ní Ifẹ̀ níbí ni ilé tá à ń gbé wà, àmọ́ Ìbàdàn ni baba onílé ń gbé, éjẹ́ǹtì ló ń bá wọn mójú tó o. Àtìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ni sílíìnì yàrá àwọn ọmọ ti ń kán, ó ti wú, ó ti dúdú, a ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọn wá sí pálọ̀. Bí mo bá pe éjẹ́ǹtì, "mo ti bá Daddy sọ̀rọ̀", ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Owó ilé wá fẹ́ pé báyìí, ó pè mí pé wọ́n ti fowó lé e, tá ò bá lè san án ká palẹ̀ mọ́ kóṣù tó parí. Nọ́ńbà Baba wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ṣé kí n pè wọ́n ni àbí kí n fowó mi tún un ṣe kí n yọ ọ́ nínú owó ilé?

Ìyá Ìbejì Lagere:
Ẹ má yọ kọ́bọ̀ o, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Àwa fowó wa kó ṣọ́kàwéè, nígbà tó dọjọ́ owó wọ́n ní ta ló rán wa níṣẹ́.

Éjẹ́ǹtì Sabo:
Iṣẹ́ tèmi náà nìyí. Ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń sọ fún onílé lóòótọ́, àmọ́ "ilé ń jò" lásán ni wọ́n ń gbọ́, wọn ò rí i. Ẹ ya fídíò nígbà tójò bá ń rọ̀, kẹ́ ẹ pe káfíńtà kó wo páànù kó kọ iye tó máa gbà, ẹ wá fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí éjẹ́ǹtì lórí WhatsApp: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, fídíò yàrá tó ń jò àti iye tí káfíńtà kọ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ èsì Baba kó tó di Jímọ̀." Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi èyí kan náà ránṣẹ́ sí Baba, ẹ sì jẹ́ kí éjẹ́ǹtì mọ̀, kó má lọ rò pé ẹ gba ẹ̀yìn òun.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́:
Ti palẹ̀ mọ́ yẹn, rárá o. Tó bá jẹ́ ọdọọdún lẹ̀ ń sanwó, tí àgírímẹ́ǹtì ò sì sọ nǹkan mìíràn, nótíìsì oṣù 6 ló yẹ kí wọ́n kọ sí yín, tó bá pé tẹ́ ò jáde wọ́n á tún kọ tọjọ́ 7 kí wọ́n tó gba kóòtù lọ. Ìpè fóònù kì í ṣe nótíìsì. Kí ló wà nínú àgírímẹ́ǹtì yín?

Ayálégbé Parakin:
Ẹ ṣé gan-an ni. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la. Àgírímẹ́ǹtì yẹn, a buwọ́ lù ú lóòótọ́, àmọ́ éjẹ́ǹtì ò fún wa ní ẹ̀dà kankan.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́:
Ẹ kọ̀wé béèrè ẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ tó san owó kankan.