Irú ọ̀pẹ̀ òyìnbó wo ló yẹ ká gbìn ní Abẹ́òkúta? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Olóko Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnì kan béèrè lánàá pé òun ní éékà kan lọ́nà Alábàtà, òun fẹ́ gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, irú wo ló dára jù? Àwọn tó kọ́kọ́ dá a lóhùn ní èyí tó tóbi jù ni, àwọn mìíràn ní èyí tó dùn jù. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, torí ìdí rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Irú mẹ́ta ló wà lóko mi báyìí, mo sì ń bá àwọn tó ń kó ẹ̀kẹrin wá láti Kútọnu tà. Kí arákùnrin yẹn kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò rà á ná, lẹ́yìn náà ni kó lọ ra ọmọ tí yóò gbìn, ìyẹn èyí tó ń hù lára ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Smooth Cayenne. Ewé rẹ̀ ò lẹ́gùn-ún, àfi bíńtín ní ṣóńṣó. Èso rẹ̀ máa ń tó kílò kan ààbọ̀ sí kílò méjì ààbọ̀. Inú rẹ̀ kì í pọ́n jù, omi rẹ̀ pọ̀, ó sì ń kan díẹ̀ mọ́ dídùn. Àwọn tó ń ṣe júùsì, òun ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kì í bímọ púpọ̀, ìyẹn sì nira fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 sí àárín ọmọ kan sí èkejì, 60 sí àárín ìlà méjì tó jọ wà, kí ẹ sì fi 90 sílẹ̀ fún ọ̀nà ẹsẹ̀, éékà kan á gbà tó 18,000 ọmọ. Ẹ fojú inú wo owó tí yóò lọ sórí ọmọ nìkan! Nǹkan mìíràn ni pé orí rẹ̀ wúwo. Ọrùn á tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á kọjú sókè, oòrùn á sì jó o títí ibẹ̀ yóò fi rọ̀. Koríko gbígbẹ ni mo máa ń fi bò wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ti fẹ́ gbó.

Queen ní tirẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ kì í ṣeré rárá. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kórè rẹ̀, ìbọ̀wọ́ awọ, ṣòkòtò tó nípọn àti aṣọ alápá gígùn la fi ń wọ àárín rẹ̀, síbẹ̀ náà orúnkún yín á mọ̀ pé ẹ dé oko. Iṣẹ́ kì í yá níbẹ̀. Èso rẹ̀ kéré, bíi ìdajì kílò sí kílò kan. Ṣùgbọ́n ẹ là á wò: inú rẹ̀ pọ́n rokoṣo, ó dùn, kì í kan jù, ọ̀pá àárín rẹ̀ pàápàá ṣeé jẹ. Ó ń pẹ́ lórí igbá kó tó bàjẹ́. Ó tún ń bímọ gan-an, ẹ ò ní pẹ́ tí ẹ fi máa ní ọmọ tí ẹ ó tún gbìn, tí ẹ ó sì tà.

MD2 ni àwọn tó ń wá èso fún ilé ìtajà ńlá fẹ́. Hawaii ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, Del Monte sì gbé e jáde fún ọjà ní 1996, láti ìgbà yẹn ló ti gba ọjà Yúróòpù mọ́ Smooth Cayenne lọ́wọ́. Ìdí kan tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi Smooth Cayenne sínú òtútù pẹ́, inú rẹ̀ máa ń dúdú láìjẹ́ pé èèpo rẹ̀ fi hàn; MD2 kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dọ́gba, ó dùn, fítámì C inú rẹ̀ pọ̀. Ọmọ rẹ̀ wọ́n, kò sì fẹ́ràn omi tó dúró sídìí rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ tó ń fà omi dáadáa, kó jìnnà sí i.

Èyí tó ń ti Kútọnu wá, Sugarloaf, orí rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì máa ń pọ́n tán kí ara rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá kan gbé ọ̀kan ní ọjà Kútọ̀, ó yí i po, ó ní, "Ẹ wò ó, kò tíì gbó o." Mo ní kó gbé ìdí rẹ̀ símú. Ó gbóòórùn rẹ̀, kò tíì gbà. Mo bá fọ̀bẹ bó o lójú rẹ̀: inú funfun, omi ń kán láti ara ọ̀bẹ sórí ọwọ́ mi. Ó jẹ ègé kan, ó ní kí n kó mẹ́rin sínú àpò fún òun. Bó ṣe dùn tó yìí, ara rẹ̀ rọ̀, ojú ọ̀nà gbágungbàgun kì í bá a lára mu. Èmi ò lè gbé e lọ sí Èkó.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ dáadáa nípa kíkórè rèé: ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í dùn sí i lẹ́yìn tí a bá ti gé e. Kì í ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ lè máa pọ́n lọ nílé, adùn rẹ̀ ò ní kọjá ibi tó wà lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ kàn án. Smooth Cayenne máa ń pọ́n láti ìdí gòkè. Bó bá jẹ́ Èkó ló ń lọ, mo máa ń gé e bí ìdá kan nínú mẹ́rin bá ti pọ́n. Tí ọjà Kútọ̀ bá ni, mo máa ń jẹ́ kó dé ìdajì. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ ń dá egbò sí i nídìí, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹrà.

Ẹlẹ́so Pánṣẹ́kẹ́:

Ẹ ṣeun, ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ. Èmi ń bó o, mò ń gé e sínú ọ̀rá lórí bárò. Smooth Cayenne tí mo bá gé láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi ti kún ìdí ọ̀rá, oníbàárà á ní ti àná ni. Queen kì í ṣe mí bẹ́ẹ̀, ègé rẹ̀ máa ń dúró. Àmọ́ bíbó rẹ̀ gba sùúrù, torí ojú rẹ̀ jìn, ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni mo fi máa ń ta Queen lówó lórí díẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í sì í ná an. Èèpo ti Smooth Cayenne kì í ṣòfò ní tèmi, àwọn tó ń se sobo ti dúró dè é.

Àgbẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé:

Ọ̀rọ̀ MD2 tí ẹ sọ yẹn, mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ilẹ̀ tiwa wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ oníyanrìn ni, a sì kọ ebè gbọọrọ kí a tó gbìn. Aládùúgbò wa gbin tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ létí omi, ọmọ kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà. Nígbà tí òjò ń rọ̀ léraléra, ewé àárín tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Ó di ọ̀kan mú, ó fà á díẹ̀, gbogbo àárín rẹ̀ tú jáde sí i lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Queen tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò kú tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó béèrè yẹn lọ wo ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá kó tó ná owó kankan. Kó sì jẹ́ kí ojú egbò ọmọ gbẹ dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó rì í mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní New Jersey:

Mo kí yín o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Oko blueberry, èso wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù kan, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí nígbà ooru, èyí tí wọ́n ń pè ní highbush. Ìpínlẹ̀ yìí gan-an ni Elizabeth White àti Frederick Coville ti kọ́kọ́ kórè rẹ̀ fún títà ní 1916. Irú mẹ́ta la ní. Duke ló ń ṣáájú, ní ìparí oṣù Kẹfà. Bluecrop á tẹ̀ lé e nínú oṣù Keje. Elliott á wá kẹ́yìn nínú oṣù Kẹjọ. Ọ̀gá wa gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí gbogbo rẹ̀ má baà rọ́ lù wá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ ṣe sọ ti Sugarloaf yẹn, òdìkejì rẹ̀ ni Elliott: á ti di búlúù tán kó tó dùn, ẹni tó bá sáré ká a máa ń fajú ro ni. Òun náà ò ní dùn sí i mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti ká a. Ilẹ̀ kíkan ni òun àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó jọ fẹ́, pH (òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) 4.5 sí 5.5. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá sí Abẹ́òkúta o. Ó nílò òtútù tí kò tó 7°C fún bíi wákàtí 800 sí 1,000 kó tó lè so dáadáa, ọyẹ́ tiwa ò tó nǹkan kan lójú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Camp:

Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo gbọ́ pé kábáìdì lẹ fi ń mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó so. Ṣé kì í ṣe májèlé tí NAFDAC ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ nìyẹn?

Olóko Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀:

Ọmọ mi, inú mi dùn pé o béèrè. Ohun tí NAFDAC ń bá jà ni kí wọ́n kó kábáìdì ti èso tí wọ́n ti ká láti fi mú un pọ́n. Ìyẹn burú, èmi náà kì í ra irú èso bẹ́ẹ̀. Tiwa, kí igi tó yọ òdòdó rárá ni. Bí ewé rẹ̀ bá ti tó 30 sí 40, a ó po kábáìdì tí àwọn jórinjórin ń lò mọ́ omi tútù, a ó sì bu bíi mìlílítà 50 sí àárín ewé igi kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú omi náà ló ń pe òdòdó jáde, oṣù márùn-ún sí mẹ́fà sì wà láàárín rẹ̀ àti ìkórè. Afẹ́fẹ́ yẹn ń gbaná o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu sìgá nítòsí. Ethephon náà wà, oògùn kan tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì rọrùn láti lò jù ú lọ. Àṣálẹ́ tàbí ìdájí la máa ń ṣe é, torí alẹ́ ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń ṣí ihò ara ewé rẹ̀.

Àbúrò wa tó wà ní New Jersey, ọgbọ́n ọ̀gá yín yẹn la ń fi kábáìdì dá níbí. Oko kan náà, irú kan náà, apá kan lónìí, apá kejì ní oṣù tó ń bọ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọyẹ́ láti pe òdòdó rẹ̀ jáde, ti gbogbo ayé ló máa pọ́n pa pọ̀, owó á já wálẹ̀. Oṣù Ààwẹ̀ ni ọjà tèmi, torí èso ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣínu. Ààwẹ̀ máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó kọjá lọ lọ́dọọdún, nítorí náà mo máa ń ka oṣù mẹ́fà sẹ́yìn láti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo máa ń da kábáìdì sí wọn.

Ẹni tó ní éékà kan lọ́nà Alábàtà, bí o bá ti mọ ẹni tí yóò rà á, wá. Mo ní ọmọ Queen tó pọ̀ nílẹ̀. Ti Smooth Cayenne á dúró di ìgbà tí mo bá kórè tán, kí o sì mú ìbọ̀wọ́ rẹ dání.