Kírísítálì bórétì wo ni ká rà fún lésà 266 nm?

Olùbéèrè, Àkúrẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Lésà Nd:YAG tó wà ní láàbù wa ń mú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé 532 nm jáde (nm, nanomita, la fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), a sì fẹ́ sọ ọ́ di 266 nm, ìyẹn ultraviolet. Nínú àwọn kírísítálì bórétì (tó ní boron àti oxygen nínú) tó ń ṣe irú ìyípadà yìí, BBO, LBO àti CLBO la rí tí wọ́n ń tà. Èwo ni ká rà, báwo la ó sì ṣe dán an wò kí owó má baà wọgbó? Iná ìjọba kì í dúró, òjò sì ti dé.

Ìdáhùn, Oǹdó: Ẹ yọ LBO kúrò. Ìmọ́lẹ̀ ń la inú rẹ̀ kọjá títí dé 160 nm lóòótọ́, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. 532 àti 266 gbọ́dọ̀ jọ máa rìn lẹ́sẹ̀ kan náà nínú kírísítálì kí ìyípadà náà tó lè wáyé. Agbára LBO fún èyí tán ní nǹkan bí 277 nm. BBO ń bá a dé nǹkan bí 205.

Ìdáhùn, Àkúrẹ́: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. CLBO dára gan-an fún 266, àmọ́ ó ń fa ọ̀rinrin, ó sì máa ń sán. Nínú ààrò kékeré tó gbóná tó nǹkan bí 150°C ni wọ́n ń fi í sí tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ tó sì tutù lójijì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ ò bá ní ínfátà tó dá dúró fún ààrò náà, ẹ ra BBO tí wọ́n gé ní igun 47.6°, igun tí 532 àti 266 ti ń jọ rìn lẹ́sẹ̀ kan náà nínú rẹ̀. Ẹ má rà á gùn jù o: nínú BBO, 266 ń yà kúrò lọ́nà 532 ní nǹkan bí 4.8°. Tó bá gùn tó 10 mm, wọn á ti fi nǹkan bí 0.8 mm jìnnà síra. 5 sí 7 mm ti tó. Ẹ kó o sínú àpótí tó dé dáadáa pẹ̀lú silica gel tó ń fa ọ̀rinrin mu.

Ìdáhùn, Oǹdó: Ní ti ìdánwò, ẹ fi prísìmù fused silica (gíláàsì tí 266 lè là kọjá) ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹ tó wọn agbára 266. Gíláàsì lásán á gbé e mì. Bí 532 bá ṣì wà nínú ohun tí ẹ wọ̀n, iye èké lẹ rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára kékeré, ẹ máa yí kírísítálì díẹ̀díẹ̀ títí 266 á fi le jù lọ, kí ẹ wá fi sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Bó bá rẹ̀yìn, ẹ tún yí i díẹ̀. Bí agbára bá padà, ooru ló fà á: kírísítálì gba 266 díẹ̀ sára, ó gbóná, igun rẹ̀ yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ sí i. Bí kò bá padà, ẹ yẹ ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde wò, bóyá ó jó tàbí ọ̀rinrin ti mú un ṣú.

Ojú kì í rí 266 rárá, ó sì ń ba ẹyinjú jẹ́. Ẹ wọ gíláàsì ààbò tó ń dí àwọ̀ méjèèjì. Pépà funfun á tàn búlúù níbi tó bá bọ́ sí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. KBBF, kírísítálì bórétì mìíràn, ńkọ́?

Ìdáhùn, Oǹdó: Ìyẹn wà fún 177.3 nm. Beryllium inú rẹ̀ jẹ́ májèlé, pẹlẹbẹ tín-ín-rín ló sì máa ń hù, tó fi jẹ́ pé àárín prísìmù méjì ni wọ́n ń há a sí. Fún 266, ẹ má wulẹ̀ wá a.