Ìtò ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bàbà: ibo lọmọ mi ti ṣì í?

Bàbá Oníkọ́ìlì, Lágere, Ifẹ̀: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Kọ́ìlì mọ́tò àti fáànù ni mò ń wé, n kì í ṣe tíṣà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 kọ ìtò bàbà báyìí: 3d9 4s2. Ó ní 3d àti 4s ni yàrá tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ẹyọ kéékèèké inú átọ̀mù, ń jókòó sí; nọ́ńbà ẹ̀yìn ni iye tó wà níbẹ̀. Tíṣà fa igi pupa sí i, kò ṣàlàyé. Ọmọ ní òfin tí wọ́n kọ́ àwọn lòun tẹ̀ lé, pé 4s máa ń kún kí 3d tó bẹ̀rẹ̀. Àtàná ló ti ń sunkún. Bàbà tí mò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, n ò mọ inú ẹ̀! Kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá Ìbejì, Mọ̀dákẹ́kẹ́: Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀ o. Ohun tí èmi náà kọ nìyẹn nígbà tèmi. Bàbà àti chromium, àwọn méjèèjì yẹn ni wọ́n fi ń mú wa.

Tíṣà Àtijọ́: Bọ̀dá, òfin ọmọ yín kò burú, ibi tó ti ń yẹ̀ ni wọn ò sọ fún un. Nọ́ńbà bàbà ni 29, ìyẹn iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ̀mù ẹ̀. Ẹ yọ 18 àkọ́kọ́ kúrò, àwọn yẹn ti jókòó jẹ́ẹ́ bíi ti argon, gáàsì tí kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Ó ku 11. 4s jẹ́ yàrá ẹni méjì, 3d jẹ́ yàrá ẹni mẹ́wàá: àyè 12 fún ẹni 11, ẹnì kan á ṣaláìní ẹnìkejì níbì kan. Bí a ṣe ń rìn lọ láti scandium, níbi tí 3d ti gba ẹni àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni àárín átọ̀mù túbọ̀ ń fa 3d mọ́ra, tí agbára rẹ̀ yóò fi rẹlẹ̀ ju ti 4s lọ kí a tó dé bàbà. Nítorí náà 3d ló kún: 3d10 4s1. Fàdákà àti wúrà náà, mẹ́wàá àti ẹyọ kan ni.

Bàbá Oníkọ́ìlì: Ẹyọ kan tó dá wà níta yẹn ha ni iná ń gbà kọjá nínú wáyà mi?

Tíṣà Àtijọ́: Òun gan-an! Átọ̀mù kọ̀ọ̀kan dá tiẹ̀ sílẹ̀ bí owó àjọ, gbogbo wọn sì jọ ń ná an. Ẹ tún sọ fún ọmọ pé 3d9 tó kọ kì í ṣe àlá. Tí bàbà bá pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, ọ̀kan láti 4s, ọ̀kan láti 3d, 3d9 ló kù. Òun ló mú kí omi copper sulphate ní láàbù wọn ní àwọ̀ búlúù.

Ọmọ Ẹnuwá: Ìwọ̀nba ni mo gbọ́ nínú èyí, àmọ́ ìbòjú Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n dà n'Ífẹ̀ láyé àtijọ́, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ṣáká ni, kì í ṣe idẹ. Ẹ sọ ìyẹn náà fún un.

Bàbá Oníkọ́ìlì: Ẹ ṣé gan-an. Ó ti nu ojú. Ó wá ní kí n ha wáyà kan kí òun rí ẹyọ kan yẹn.